Ọwọ́ Wa Ṣì Le: Ohun Tó Pa Ẹ̀ṣẹ́ Kíkàn ní Nàìjíríà àti Bá A Ṣe Lè Jí I Dìde

Tí mo bá ní kẹ́ ẹ dárúkọ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà mẹ́wàá, ẹ ò ní mí kẹ́ ẹ tó kà wọ́n tán. Osimhen, Lookman, Iwobi, Ndidi, ó ti ń lọ nìyẹn. Àmọ́ tí mo bá ní kẹ́ ẹ dárúkọ akànṣẹ́ mẹ́ta péré, ẹ máa kọ́kọ́ pe Anthony Joshua, lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í họrí. Ẹlòmíì máa pe Mike Tyson, á sì máa jiyàn tá a bá sọ fún un pé ọmọ Amẹ́ríkà nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù kọ́ ló kọ́kọ́ gbé orúkọ Nàìjíríà dé iwájú ayé. Ẹ̀ṣẹ́ ni. Ní June 1957, nígbà tá a ò tíì gba òmìnira, Hogan "Kid" Bassey, ọmọ Calabar, lu Cherif Hamia ní Paris títí tí rẹfirí fi dá ìjà dúró ní abala kẹwàá. Bó ṣe di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba bẹ́líìtì àgbáyé nìyẹn. Ní 1964, ní Tokyo, Nojim Maiyegun, ọmọ Èkó, gba àmì ẹ̀yẹ onídẹ, òun sì ni àmì ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni gbà fún Nàìjíríà nínú eré ìdárayá èyíkéyìí. Lẹ́yìn rẹ̀, Isaac Ikhouria gba onídẹ ní Munich ní 1972, Peter Konyegwachie gba onífàdákà ní Los Angeles ní 1984, David Izonritei àti Richard Igbineghu gba onífàdákà méjì ní Barcelona ní 1992, Duncan Dokiwari sì gba onídẹ ní Atlanta ní 1996. Mẹ́fà nìyẹn. Láti 1996 títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, a ò tíì gba ìkeje. Kò sí ọmọ kankan nínú ilé-ìwé yìí tí wọ́n ti bí nígbà tá a gba ìkẹfà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ ní Ìbàdàn, torí ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti dùn jù. Dick Tiger, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Richard Ihetu, ọmọ Amaigbo nílẹ̀ Ìgbò ni. Ní October 1962, ó na Gene Fullmer, ọmọ Amẹ́ríkà, ní San Francisco, ó sì gba bẹ́líìtì àgbáyé lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tún jà á ní Las Vegas ní February 1963, ó di ọ̀mì. Ó wá ku ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ilé wa níbí ni wọ́n sì gbé e wá. Ní 10 August 1963, Liberty Stadium ní Ìbàdàn kún. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló kọ́ pápá yẹn, kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà, òun náà ni wọ́n ń pè ní Obafemi Awolowo Stadium lónìí. Tiger lu Fullmer fún abala méje. Nígbà tí agogo abala kẹjọ dún, Fullmer ò dìde lórí àga mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa ja ìjà bẹ́líìtì àgbáyé ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Gbogbo ayé ló mọ ìjà Muhammad Ali àti George Foreman ní Kinshasa, àmọ́ October 1974 nìyẹn, ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn tiwa. Ẹni tó bá ní bàbá àgbà nílé tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kó lọ bi wọ́n nípa Dick Tiger. Ẹ mú àga dání o, torí ìtàn yẹn kì í tètè tán.

Kí ló wá dé? Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé àwa ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ò lágbára mọ́, pé fóònù ti gba gbogbo okun inú wa. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo David Defiagbon. Nàìjíríà ló jà fún nígbà tó gba wúrà nínú ìdíje Commonwealth ní Auckland ní 1990. Nígbà tó fi máa di 1996, ó ti di ọmọ Canada, ó sì gba fàdákà Òlíḿpíìkì fún wọn. Ọwọ́ kan náà ni, àsíá ló yàtọ̀.

Ẹ tún wo Joshua, tó jẹ́ tiwa gan-an. Ṣàgámù ni ìdílé rẹ̀ ti wá. Watford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní 1989, àmọ́ nígbà tó wà ní ọmọdé wọ́n mú un wá sí Mayflower School ní Ìkẹ́nnẹ́, ilé-ìwé tí Tai Solarin dá sílẹ̀ ní 1956, ó sì gbé nínú bọ́dìn níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó máa di ọ̀gá àwọn akànṣẹ́ tó wúwo jù láyé wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn níbí, ó ń jí ní ìdájí, ó ń pọnmi bí ọmọ bọ́dìn yòókù, kò sì sẹ́ni tó fi ìbọ̀wọ́ ìjà sí i lọ́wọ́. Ó ti di ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó ti padà sí London, kí ìbátan rẹ̀ kan tó mú un lọ sí ẹgbẹ́ akànṣẹ́ kan ní Finchley. Ọdún 2007 nìyẹn. Ní 2012, ó gba wúrà Òlíḿpíìkì. Britain ló gbà á fún.

Kí ni Finchley ní tí Ìkẹ́nnẹ́ ò ní? Kì í ṣe ẹ̀bà tó gbóná ju tiwa lọ. Gbọ̀ngàn kékeré kan ni, àpò tí wọ́n ń lù tí wọ́n fi kọ́, kóòṣì tó ń wá lálaalẹ́, àti ọjọ́ ìdíje tó ń dé déédéé bí ọjọ́ ọjà. Ohun tó sọnù nílẹ̀ wa nìyẹn gan-an. Abẹ̀ṣẹ́ kù bí òjò kì í já bọ́ látọ̀run. Àtẹ̀gùn ló ń gùn: á kọ́kọ́ jà ní àdúgbò, á jà ní ìpínlẹ̀, á jà fún orílẹ̀-èdè, kó tó di pé ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀. Bassey àti Tiger ti jà lọ́pọ̀ ìgbà níbí kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ sí Liverpool. Síbẹ̀ náà, ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tí Tiger jà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n borí rẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àbí ẹ rí i? Tí kì í bá ṣe pé ìjà ti mọ́ ọn lára láti ilé ni, ibẹ̀ ni ì bá ti sá padà wá sí Aba.

Owó wà nínú ohun tó ba àtẹ̀gùn yẹn jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìjà kalẹ̀ máa sanwó gbọ̀ngàn, owó dókítà, owó rẹfirí, owó akànṣẹ́ méjèèjì. Tó bá jẹ́ pé ará òkè òkun ni ọ̀kan nínú wọn, dọ́là lèyí máa gbà. Látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 1986, tó sì ń já lọ, ìṣirò yẹn ò bára mu mọ́. Bọ́ọ̀lù tún wá dé láti orí sátẹ́láìtì. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Iwopin níbí, ẹ máa rí àwọn bàbá tí kò dé London rí tí wọ́n ń bá ara wọn jà nítorí Arsenal àti Chelsea. Ìjà ẹ̀ṣẹ́ ńlá ní tiẹ̀, òru ni wọ́n sábà máa ń jà á, owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì máa ń gbà nítorí rẹ̀. Ọmọ tí kò bá rí nǹkan, kò lè fẹ́ràn nǹkan náà. Ní Òlíḿpíìkì Rio ní 2016, Efe Ajagba nìkan ṣoṣo ni akànṣẹ́ tó ṣojú gbogbo Nàìjíríà.

Mi ò ní sọ pé kò sẹ́ni tó ń gbìyànjú. Láti 2014 ni GOtv Boxing Night ti ń wáyé, wọ́n sì máa ń fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti mọ Oto "Joe Boy" Joseph àti Ridwan "Scorpion" Oyekola, ọmọ Ìbàdàn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orí òrùlé nìyẹn. Ìpìlẹ̀ ni mò ń wá, èmi.

Àpẹẹrẹ ìpìlẹ̀ wà ní Ghana, ibẹ̀ sì jọ ọ̀dọ̀ wa ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Bukom ni wọ́n ń pè é, àdúgbò àwọn apẹja Gã ní etí òkun ní Accra. Àwọn gbọ̀ngàn akànṣẹ́ kéékèèké ló kún ibẹ̀, òmíràn ò ju àgbàlá lọ. Láti Bukom àti àwọn àdúgbò tó yí i ká ni David Kotei tí wọ́n ń pè ní D. K. Poison ti jáde, ẹni tó gba bẹ́líìtì àgbáyé ní 1975. Azumah Nelson gba tiẹ̀ ní 1984. Ike Quartey náà tún tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí Samuel Takyi gba onídẹ ní Tokyo ní 2021, agbègbè yẹn kan náà ló ti wá. Ẹ wá gbọ́ ibi tó jọ mí lójú: ọdún 2016 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ń pè ní Bukom Boxing Arena. Ogójì ọdún àti ọ̀kan lẹ́yìn bẹ́líìtì àkọ́kọ́! Àgbàlá ló kọ́kọ́ wà, kí ilé ńlá tó dé.

Àwa ará Iwopin mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tó bá jẹ́ pé ilé ńlá ló kọ́kọ́ dé. Ẹ ṣáà mọ ilé-iṣẹ́ bébà wa. Bébà tí mo fi kọ àròkọ yìí, ibòmíì ni wọ́n ti gbé e wá. Nítorí náà, mi ò ní bá wọn bẹ ìjọba pé kí wọ́n wá kọ́ pápá ẹ̀ṣẹ́ fún wa.

Kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ ká ṣe, mo mọ̀ pé àwọn tíṣà wa àti àwọn ìyá wa ti ní ìbéèrè kan lẹ́nu: ṣé ẹ̀ṣẹ́ kíkàn kì í pa èèyàn ni? Ó máa ń pa. Ní 29 March 2025, nínú Bukom Boxing Arena tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ yẹn, ọmọ Nàìjíríà kan, Gabriel Oluwasegun Olanrewaju, ẹni ogójì ọdún, ṣubú ní abala kẹta, ó sì gbabẹ̀ kú. Àwọn tí wọ́n fi orí gba ẹ̀ṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọpọlọ wọn lè bàjẹ́ nígbà ogbó. Ẹni tó bá ní kò séwu nínú rẹ̀, irọ́ ló ń pa.

Àmọ́ oríṣi méjì ni ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ti àwọn tó ń fi í jẹun lè tó abala méjìlá tó bá jẹ́ ti bẹ́líìtì àgbáyé. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni tẹ́lẹ̀, ikú Duk Koo Kim, ọmọ Korea, lẹ́yìn ìjà kan ní 1982 ló jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Ti Òlíḿpíìkì yàtọ̀ pátápátá. Abala mẹ́ta péré ni. Fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́rìndínlógún bíi tèmi, ìṣẹ́jú méjì méjì ni abala kọ̀ọ̀kan, a ó sì dé ìbòrí, a ó fi ìdáàbòbò sí eyín. Dókítà máa yẹ èèyàn wò kó tó wọlé. Adájọ́ márùn-ún ló ń ka máàkì: ẹni tó bá gba abala kan máa gba mẹ́wàá, èkejì á gba mẹ́sàn-án tàbí kó dín. Ẹ̀ṣẹ́ tó bá fi iwájú ìbọ̀wọ́ bà á gaan ni wọ́n ń kà, ní iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́ orí, tàbí ní ara lókè bẹ́líìtì. Ẹ̀yìn orí, èèwọ̀. Ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì, èèwọ̀. Tí ọmọ kan bá ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, rẹfirí máa dá ìjà dúró, á ka ení, èjì, dé ẹẹ́jọ. Tí wọ́n bá lu ẹnìkan lórí tí kò lè dìde, ó kéré tán, ọgbọ̀n ọjọ́ ni kò gbọdọ̀ fi dé ojú ìjà mọ́.

Ẹ wá fi èyí wé ìjà tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé tí wọ́n bá ti lu agogo ìparí. Kò sí rẹfirí, kò sí ìbọ̀wọ́, kò sí iye ìṣẹ́jú. Ọmọ tó kéré máa ń bá ẹni tó tó ìlọ́po méjì rẹ̀ jà. Àwa tó kù á máa pariwo "Fún un!" Ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, gbogbo wa la mọ ẹni tí eyín rẹ̀ kán. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bóyá àwọn ọmọ ilé-ìwé yìí máa jà tàbí wọn ò ní jà. Wọ́n ń jà. Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n máa jà á sí, àti ẹni tó máa wà níbẹ̀ ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ẹgbẹ́ akànṣẹ́ ilé-ìwé, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lẹ́yìn ìwé. Kò gba owó tó pọ̀. Fún gbogbo tẹ́ẹ̀mù àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kan ẹnikẹ́ni lẹ́ṣẹ̀ẹ́ ní orí. Ẹsẹ̀ la máa kọ́kọ́ kọ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé apá kọ́ ni agbára ẹ̀ṣẹ́ ti ń wá. Láti gìgísẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀: gìgísẹ̀ á yí, ìbàdí á tẹ̀ lé e, èjìká á tì í, apá kàn máa jíṣẹ́ ni. Ẹni tó bá ti wakọ̀ ojú omi rí mọ ohun tí mò ń sọ. Tó bá jẹ́ apá nìkan lo fi ń wà á, o ò ní dé Màkún-Omi kó tó rẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ tó ń bá bàbá wọn na àwọ̀n láàárọ̀ kí wọ́n tó wá sílé-ìwé ti ń ṣe ìdajì iṣẹ́ akànṣẹ́ láìmọ̀.

Okùn fífò, okùn àwọ̀n tó ti gbó ti tó. Fún àpò tá a máa lù, àpò ìrẹsì méjì tá a ki bọ ara wọn. Ẹ má ki yẹ̀pẹ̀ nìkan sínú rẹ̀ o! Yẹ̀pẹ̀ á rọ̀ sísàlẹ̀, á le bí òkúta, á sì dá èèyàn ní ọrùn ọwọ́. Àkísà ni kẹ́ ẹ kì í, kó le díẹ̀, kó sì rọ̀ díẹ̀. Ká fi aṣọ gígùn di ọwọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àpò. Ohun tá a máa rà ni ìbọ̀wọ́ bíi méjì méjì àti ìdáàbòbò eyín, ìyẹn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti oníkálùkù, torí ẹnu ẹlòmíì kì í ṣe ẹnu ẹni. Ẹni tí òbí rẹ̀ ò bá fọwọ́ sí ìwé, kó máa fo okùn pẹ̀lú wa, kó má dé ojú ìjà.

Àwọn obìnrin náà wà nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín. Láti 2012 ni ẹ̀ṣẹ́ àwọn obìnrin ti wọ Òlíḿpíìkì. Nígbà tí Nàìjíríà gba àmì ẹ̀yẹ mẹ́rin nínú ẹ̀ṣẹ́ ní ìdíje Commonwealth ní Birmingham ní 2022, mẹ́ta nínú wọn, obìnrin ló gbà á: Cynthia Ogunsemilore, Elizabeth Oshoba àti Jacinta Umunnakwe. Ọkùnrin kan ṣoṣo, Ifeanyi Onyekwere, ló gba ẹ̀kẹrin.

Lẹ́yìn tẹ́ẹ̀mù méjì, ká pe ilé-ìwé kan láti Abigi tàbí Ìbíadé. Tó bá yá, Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè. Ọjọ́ ìjà kan ní tẹ́ẹ̀mù kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ yẹn kò sì gbọdọ̀ yẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Ìpínlẹ̀ wa ló gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè ní 2006, òun náà ló tún gbà á ní May 2025. Ẹ̀ṣẹ́ wà lára eré tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀. Ó yẹ kí ọmọ Ogun Waterside kan ti inú irú ọjọ́ ìjà bẹ́ẹ̀ jáde lọ jà fún Ògùn.

Iṣẹ́ tiwa, àwa ọmọ ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn, ni láti jẹ́ kí orúkọ wọn hàn. Ohun tó jẹ́ kẹ́ ẹ mọ Osimhen ni pé ojoojúmọ́ lẹ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Tí ìjà kan bá wáyé lọ́jọ́ Jímọ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni èsì rẹ̀ máa wà lára ògiri yìí: ta ló borí, máàkì mélòó, kí ni wọ́n ń pe ẹni náà. Akànṣẹ́ kì í wà láìní ìnagijẹ, mo sì mọ̀ pé ẹ ò ní fi ìyẹn falẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì lè dúró títí. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ ẹ̀ṣẹ́ kúrò nínú Òlíḿpíìkì nítorí ìjà àárín àwọn tó ń darí rẹ̀ lágbàáyé. March 2025 ni wọ́n tó fẹnu kò pé ó máa wà ní Los Angeles ní 2028. Wọn ò ní dúró de ẹni tí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀.

Mo ti kọ lẹ́tà sí tíṣà eré ìdárayá wa, wọ́n sì ní kí n kọ́kọ́ mú orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣe é wá, ó kéré tán mẹ́wàá, kí àwọn tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà. Ìwé wà lórí tábìlì ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ kọ orúkọ yín, kíláàsì yín, àti bóyá òbí yín ti gbọ́ sí i. Ẹni mẹ́fà ló ti kọ ọ́ báyìí, méjì nínú wọn jẹ́ obìnrin.